Ẹ Dé Ibẹ̀, Kí Ẹ Tún Bèèrè

Ẹni tó bá ń lọ sí ilé tí kò dé rí láàárín Bẹ́ẹ̀rẹ̀, Ọjàaba àti Ìdí-Arẹ́rẹ́ ní Ìbàdàn, àdírẹ́sì kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ògiri ti lè ṣí dànù, ilé mìíràn kò ní nọ́ńbà láti ìpìlẹ̀, ọ̀nà tó wọ inú agbolé sì lè máà fẹ̀ tó kí mọ́tò gbà á. Ẹnu la fi ń débẹ̀. Èèyàn á kọ́kọ́ wá ẹni tó ti jókòó pẹ́ sójú kan: ìyá alákàrà, télọ̀ tó dojú ẹ̀rọ rẹ̀ kọ títì, ọ̀gbẹ́ni tó ń lẹ táyà. Kò sì sẹ́ni tí í fi ọ̀rọ̀ ilé tó ń wá ṣáájú ìkíni.

"Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi júwe ilé Alágbẹ̀dẹ."

Ìyá á yọwọ́ nínú iṣẹ́ díẹ̀, á wo onítọ̀hún láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ilé Alágbẹ̀dẹ wo? Méjì ni wọ́n. Ta lẹ ń wá níbẹ̀?" Ó gbọ́ orúkọ. "Háà, Ìyá Ṣùkúrà? Wọn ò tíì dé láti ọjà o, àmọ́ ọkọ wọn á wà nílé. Ẹ máa lọ tààrà. Ẹ ó rí igi ọdán, ẹ má yà níbẹ̀ o. Ẹ rìn sí i, ẹ ó kan ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọn ò tíì rẹ́, kí ẹ wá yà sọ́wọ́ òsì. Ẹ dé ibẹ̀, kí ẹ tún bèèrè."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló gbé gbogbo ètò náà ró. Ìyá alákàrà kò mọ ọ̀nà dé òpin, kò sì pọn dandan kó mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, ẹnìkejì mọ̀ ọ́n dé ọ̀dọ̀ ẹnìkẹta. Bí ẹnu bá sì fẹ́ kùnà, wọ́n á pe ọmọ kékeré kan tó ń ṣeré nítòsí: "Lọ fi ilé Ìyá Ṣùkúrà hàn wọ́n." Ọmọ náà á sáré ṣíwájú, á dúró, á bojú wẹ̀yìn wò bóyá àlejò ṣì ń bọ̀, títí dé ẹnu ọ̀nà. Kí àlejò tó jókòó, ó kéré tán èèyàn mẹ́ta ti rí ojú rẹ̀, wọ́n sì ti mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó wá.

Ní báyìí, "Ẹ fi lokéṣọ̀n ránṣẹ́ sí mi" ti gba ipò "Ẹ bá mi júwe." Ẹni tó ń ṣe ìgbéyàwó ń fi ojú ibi tí àpéjẹ wà ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọlọ́kadà tó ń gbé ẹrù kiri gbé fóònù kọ́ iwájú ọ̀kadà, ohùn kan sì ń sọ fún un pé kó yà sọ́tùn-ún. Ní ọdún 2019, Google fi ohùn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Nàìjíríà sórí máàpù rẹ̀, kó lè bá etí wa mu. Ohùn ọ̀hún kò retí kí ẹnikẹ́ni kí i. Kò bèèrè ẹni tí a ń wá.

Mo fẹ́ ká mọ ibi tí ohùn yẹn ti ń wá, ká sì mọ ohun tó ti ń ṣe fún àwọn tí wọ́n ní ìmọ̀ ọ̀nà tiwọn kó tó dé, kí a má baà fi tiwa sílẹ̀ láìmọ iye tó tó.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé mọ́ṣáláṣí mẹ́ta yí àdúgbò kan ká, tí ládánì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bẹ̀rẹ̀ ìpè ìrun Àsùbáà ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà gan-an, láìsí pé ọ̀kan fi ìṣẹ́jú ṣíwájú ìkejì. Ohùn máa ń rìn tó mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìpè mọ́ṣáláṣí kan bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́ kó tó kan etí yín, mítà 340 ló jìnnà sí yín. Bí ti ìkejì bá fi méjì pẹ́, mítà 680 ni. Ìpè kan ṣoṣo kò lè sọ ibi tí ẹ wà, nítorí ẹ lè wà níbikíbi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí mọ́ṣáláṣí náà. Ìpè méjì dín ibẹ̀ kù sí ojú méjì. Ìpè kẹta yan ojú kan. Ẹni tó bá ní aago tó péye, tó sì mọ ibi tí mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan wà, lè di ojú rẹ̀ kó sì sọ ibi tó dúró sí.

Bí GPS, ètò tí fóònù fi ń mọ ibi tí a wà, ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Sátẹ́láìtì ló wà nípò mọ́ṣáláṣí. Ó kéré tán mẹ́rìnlélógún wọn ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ga tó kìlómítà 20,200 sókè orí wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń yí ayé po lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ìpè wọn kì í ṣe ohùn. Ìtànṣán rédíò ni, ó sì ń sáré tó kìlómítà 300,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, àṣìṣe tó kéré jọjọ nínú aago máa ń di àṣìṣe ńlá lórí ilẹ̀. Aago inú fóònù wa kò péye tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí fóònù fi nílò sátẹ́láìtì kẹrin láti fi tún aago tirẹ̀ ṣe. Àwọn aago inú sátẹ́láìtì fúnra wọn, bí wọ́n ṣe péye tó, máa ń yá ju ti orí ilẹ̀ lọ. Ìmọ̀ Einstein ló jẹ́ ká mọ̀ pé bí ibì kan ṣe ga sí, àti bí nǹkan ṣe ń sáré sí, máa ń yí bí àkókò ṣe ń lọ padà. Ohun tí aago wọn fi ń yá lóòjọ́ kò ju ìdá 38 lọ nínú ìdá mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá. Bí wọn kò bá yọ ọ́ kúrò, láàárín ọjọ́ kan máàpù á ti fi nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá ṣìnà. Bí ẹni dúró ní Dùgbẹ̀ tí fóònù ń sọ pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ọ̀jọ́ọ̀ ni.

Àwọn ológun Amẹ́ríkà ló dá GPS sílẹ̀. Ọdún 1973 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò náà, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ sì gòkè ní 1978. Wọn kò rò ó fún ẹni tó ń wá ilé àpéjẹ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, ọkọ̀ òfurufú Korean Air Lines 007 yà kúrò lọ́nà, ó wọ ojú òfurufú Soviet, àwọn ológun Soviet sì yìnbọn fún un. Èèyàn 269 ló kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ààrẹ Reagan ti Amẹ́ríkà kéde pé àwọn aráàlú náà á lè lo GPS lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀ wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ díẹ̀ fún àwa tí kì í ṣe ológun, tó fi jẹ́ pé ó lè fi tó mítà 100 ṣìnà. Mítà 100 láàárín Bẹ́ẹ̀rẹ̀, agbolé mélòó nìyẹn? Ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún 2000 ni wọ́n yọ ìbàjẹ́ yẹn kúrò. Láìsí ọjọ́ yẹn, kò sí lokéṣọ̀n tí a ń fi ránṣẹ́ síra wa.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Sátẹ́láìtì kò mọ̀ wá. Ládánì kò mọ ẹni tó ń gbọ́ ìpè rẹ̀ lórí ibùsùn, bẹ́ẹ̀ náà ni sátẹ́láìtì kò mọ fóònù tó ń gbọ́ tirẹ̀. Àmọ́ máàpù inú fóònù kì í dákẹ́. Ó ń fi ibi tí a wà àti bí a ṣe ń yára tó ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ni ín, láti ara irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ló sì ti ń mọ títì tí mọ́tò pọ̀ sí. Nínú fídíò kan tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, oníṣẹ́-ọnà kan ní ìlú Berlin, Simon Weckert, kó fóònù 99 sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù kékeré aláwọ̀ pupa, ó fi gbogbo wọn sí orí máàpù Google, ó wá ń fà á lọ jẹ́jẹ́ láàárín títì tó ṣófo. Lórí máàpù, títì yẹn pọ́n wẹ̀, bí ẹni pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mọ́tò pọ̀ níbẹ̀. Ó fà á kọjá níwájú ọ́fíìsì Google pàápàá. Nígbà tí a bá ń bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ èèyàn, ẹni tó mọ ibi tí à ń lọ ń wo ojú wa, àwa náà ń wo tirẹ̀. Èyí tó mọ̀ ọ́n báyìí, a kò rí ojú rẹ̀.

Ní ti àwọn tí wọ́n ní ìmọ̀ ọ̀nà tiwọn kí ohùn yẹn tó dé, Lọ́ńdọ̀nù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú yín lọ, ìlú tí Yorùbá pọ̀ sí débi pé èèyàn lè fi èdè wa ra iṣu ní Peckham. Àwọn awakọ̀ takisí dúdú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò kan tó ti wà láti 1865. Knowledge ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó fẹ́ yege gbọ́dọ̀ ní nǹkan bíi títì 25,000 lórí, gbogbo èyí tó wà láàárín máìlì mẹ́fà sí Charing Cross, pẹ̀lú ilé ìwòsàn, ilé ìtura, ilé ẹjọ́ àti ilé oúnjẹ tó wà lẹ́bàá wọn. Ìwé ìlànà wọn ní ìrìn 320. Ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibùdókọ̀ ojú irin Manor House, ó parí sí Gibson Square. Akẹ́kọ̀ọ́ á gun alùpùpù kékeré nínú òjò àti òtútù, á gbé ìwé kọ́ iwájú rẹ̀, á máa tọ ìrìn kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ń lo ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Ní ọjọ́ ìdánwò, kò sí máàpù níwájú rẹ̀. Á jókòó níwájú olùdánwò, olùdánwò á dárúkọ ibi méjì, akẹ́kọ̀ọ́ á sì fẹnu júwe ọ̀nà láàárín wọn, títì kan lẹ́yìn òmíràn, ibi tí a ti ń yà sí òsì àti ibi tí a ti ń yà sí ọ̀tún. Ẹni tó ti ń bèèrè ọ̀nà ní Ọjàaba mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Eleanor Maguire, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní University College London, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọpọlọ mẹ́rìndínlógún nínú àwọn awakọ̀ wọ̀nyí wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2000. Apá ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ń pè ní hippocampus tóbi nínú wọn ju ti àwọn mìíràn lọ, bí awakọ̀ bá sì ṣe pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó ni ó tóbi tó. Àwọn kan ní bóyá wọ́n ti bí wọn bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2011, Maguire àti Katherine Woollett mú èsì wá. Wọ́n tẹ̀lé akẹ́kọ̀ọ́ 79 láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn 39 tó yege, ọpọlọ wọn yí padà. Àwọn tó já kulẹ̀, tiwọn kò yí padà. Ẹ̀kọ́ ọ̀nà ló ṣe é.

Iṣẹ́ ọdún 2017 ló kàn wá jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Onímọ̀ nípa ọpọlọ mìíràn, Hugo Spiers, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn èèyàn máa wá ọ̀nà láàárín àwòrán títì Soho, ní àárín Lọ́ńdọ̀nù, bí ẹ̀rọ ṣe ń wo ọpọlọ wọn. Nígbà tí ẹnì kan bá ń dá ọ̀nà wá, hippocampus rẹ̀ máa ń ta kìjí bó bá ti wọ títì tuntun, pàápàá títì tó ya sí ọ̀nà púpọ̀. Nígbà tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń sọ ibi tó máa yà sí, ìtakìjí yẹn kò sí. Onítọ̀hún dé ibi tó ń lọ, àmọ́ apá ọpọlọ yẹn kò bá a rìn. Ohun tí mo rò nípa tiwa ni pé ẹni tó bèèrè ọ̀nà kò gbé ọpọlọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní láti fi igi ọdán àti ilé tí wọn ò tíì rẹ́ sọ́kàn, kó máa wá wọn lójú ọ̀nà, kó mọ̀ bó bá ti kọjá wọn. Nígbà tó bá fi máa padà sílé, àdúgbò náà ti ń di tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà tí mo kà nípa Igloolik ni ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Erékùṣù kan ni, ní Nunavut, ìhà àríwá pátápátá ilẹ̀ Kánádà. Àwọn Inuit ló ń gbé ibẹ̀. Ọdẹ ni wọ́n. Nígbà òtútù, òkun á dì, ilẹ̀ àti omi á di ojú kan náà, funfun láti ibí dé ìpẹ̀kun ojú. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, oòrùn kì í yọ rárá. Kò sí igi ọdán. Kò sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kò sì sí ìyá kankan lójú ọ̀nà tí ọdẹ lè dúró kí. Síbẹ̀ àwọn bàbá wọn ń lọ, wọ́n sì ń bọ̀.

Atẹ́gùn ni wọ́n ń bi léèrè. Atẹ́gùn kan tí wọ́n ń pè ní Uangnaq máa ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn, ó tẹ̀ díẹ̀ sí àríwá, ó sì ń gbá yìnyín jọ di òkìtì líle tí ẹnu rẹ̀ yọ síta bí ahọ́n. Uqalurait ni orúkọ òkìtì náà. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé atẹ́gùn kan náà ló mọ gbogbo wọn, ibì kan náà ni gbogbo wọn kọjú sí. Ọdẹ tó mọ̀ wọ́n lè gba orí wọn kọjá ní ìdábùú kan náà títí dé ilé, kódà nínú òkùnkùn, kódà bí ìkùukùu bo ojú rẹ̀, nítorí ó lè fi ẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó sì lè mọ̀ ọ́n lára bí ohun tó gùn ṣe ń mì lábẹ́ rẹ̀. Ó tún mọ ìràwọ̀, ó mọ bí omi ṣe ń fà lábẹ́ yìnyín, ó sì mọ orúkọ ibi púpọ̀ tí bàbá rẹ̀ sọ fún un. Wọn kò kọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀ ní ilé-ìwé. Ọmọ ń bá àgbà rìn ni, àgbà ń sọ, ọmọ ń wò.

Ní àárín ọdún 1990 sí 2000 ni GPS dé ọ̀dọ̀ wọn. Claudio Aporta, onímọ̀ nípa àṣà ènìyàn, gbé láàárín wọn, ó bá àwọn ọdẹ rìn, òun àti Eric Higgs sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2005. Àwọn àgbà ibẹ̀ kò ta ko ẹ̀rọ náà. Àwọn tó ń dọdẹ walrus, ẹranko ńlá inú òkun, lórí omi nígbà tí ìkùukùu bò ó rí ìwúlò rẹ̀ kíákíá, ó sì ti gba ẹ̀mí là. Ohun tó ń kọ wọ́n lóminú ni ọ̀dọ́ tó gbé ẹ̀rọ tí kò sì bá àgbà rìn. Ẹ̀rọ ń fa ìlà gbọọrọ láti ibi tí èèyàn wà dé ibi tó ń lọ. Kò mọ̀ pé yìnyín tó wà lágbedeméjì ti fẹ́lẹ́, kò sì mọ̀ pé òkúta ga gègèrè wà níbẹ̀. Òtútù sì ń pa bátìrì. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ kú láàárín funfun yẹn, tí kò mọ uqalurait, ti sọnù.

Ní tiwa, kò sí yìnyín tó máa gbé wa mì. Mo sì mọ̀ pé ìbéèrè ọ̀nà ní àléébù tirẹ̀. Àwọn kan wà tí wọn kò mọ ọ̀nà, tí ojú á sì tì wọ́n láti sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á júwe ìjúwekújùúwe. Obìnrin tó ń dá wakọ̀ lóru ní Èkó kò gbọ́dọ̀ máa yí gíláàsì mọ́tò sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀, fóònù sì ti gbà á lọ́wọ́ ewu yẹn. Ẹni tó ń gbé oògùn lọ fún aláìsàn kò ráyè fún "Ta lẹ ń wá níbẹ̀?" N kò ní sọ fún irú wọn pé kí wọ́n pa máàpù.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ojú ọ̀nà wa kún fún èèyàn tó mọ̀ ọ́n, àwa sì ń gba iwájú wọn kọjá pẹ̀lú gíláàsì tí a gbé sókè. Àlejò ń wọ àdúgbò, ó ń jáde, kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwọn ọmọ wa ń gba ọ̀nà kan náà lọ sí ilé-ìwé láràárọ̀, ojú wọn wà lórí fóònù lẹ́yìn mọ́tò. Bí ẹ bá ní kí wọ́n júwe ilé wọn, wọ́n á ní kí ẹ gba lokéṣọ̀n lọ́wọ́ mọ́mì. Ọmọ tí kò lè fẹnu júwe ilé bàbá rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ falẹ̀. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí ẹ ní kó máa sọ ibi tí ẹ máa yà sí, láti ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé títí dé ilé. Bó bá ṣì í, ẹ jẹ́ kó rí i pé òun ṣì í, kí ẹ yí padà.

Bí ẹ bá ń lọ sí ilé ẹbí tí ẹ kò dé rí, ẹ jẹ́ kí máàpù gbé yín dé àdúgbò. Kí ẹ wá sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ kí èèyàn, kí ẹ bèèrè èyí tó kù. Ẹni tó ń ṣe ìnáwó, kó fi lokéṣọ̀n ránṣẹ́, kó sì kọ ìjúwe ìlà méjì tẹ̀lé e, nítorí àwọn àgbà tí kò ní détà.

Iṣẹ́ kan tún wà fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ fóònù lò. Ọ̀pọ̀ agbolé wa kò sí lórí máàpù, àwọn tó sì wà níbẹ̀, àkọtọ́ orúkọ mìíràn kò dára. OpenStreetMap, máàpù tí Steve Coast bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2004, gba ẹnikẹ́ni láàyè láti kọ ojú ibi tó mọ̀ sínú rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì gba àmì ohùn wa. Ẹ kọ orúkọ agbolé yín síbẹ̀. Àmọ́ kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ lọ bá mọ́gàjí àti àwọn ìyá ilé, kí ẹ bi wọ́n bí orúkọ náà ṣe jẹ́ gan-an, àti ibi tí ilẹ̀ agbolé ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.